Ìṣó Kejì Lára Ògiri

Ìṣó náà ni Ọlárìndé kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn ìyẹn kò rí nǹkan mìíràn mọ́.

Àwòrán rẹ̀ ṣì wà níbi tó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Etobicoke. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀, ó fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ há abíyá, ó gbé igi baseball kọ́ èjìká, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ní í darúgbó láé. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ipò kìn-ín-ní nínú eré méjèèjì lọ́dún kan náà. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ti wọlé, ọ̀pọ̀ ti jáde, kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹnìkan ti kan ìṣó tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, ìṣó tí kò tíì gbé nǹkan kan dání.

Ẹni tó bá rí Ọlárìndé ní ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù ní Bolton kò lè gbà pé ó ti sáré rí. Ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú, orúnkún rẹ̀ ń dún, ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí Calgary. Ibi kan ṣoṣo tó kù tó ti ń jọ ara rẹ̀ lójú ni ara ògiri yẹn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀, á yà síbẹ̀ bíi pé ọmọ rẹ̀ ló wá gbé, á wo àwòrán náà títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀.

Ó mọ ẹni tí wọ́n kan ìṣó náà fún. Abdulhameed ni, ọmọ Kàfáyàtù, ọ̀rẹ́ Alameen ọmọ tirẹ̀. Baseball ti parí lóṣù October, Abdulhameed ló sì ṣe ipò kìn-ín-ní. Àṣekágbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló kù, ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Bí ọmọ náà bá gbá a bó ṣe ń gbá a bọ̀, kò sí ẹni tí yóò tún pe Ọlárìndé ní òun nìkan mọ́. Ògiri ọ̀hún kò fẹ̀. Wọ́n á gbé ti ọmọ yìí kọ́, wọ́n á sì ká tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á jù ú sínú yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ó ń jowú ọmọ tó lè bí, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, mímọ̀ tó sì mọ̀ ọ́n kò dá a dúró.

"Uncle Rìndé, ẹ káàsán, sà."

Ó yí padà. Abdulhameed ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tútù, tòun ti báàgì eré lẹ́yìn rẹ̀. Alameen dúró tì í, ó ń tẹ fóònù.

"Dìde, ọmọ mi. Ta ló kan ìṣó yìí?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. "Coach ní mi ò gbọdọ̀ tíì sọ ọ́, sà. It's a surprise."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ọlárìndé wí, ó sì fọwọ́ gbá a léjìká bí bàbá. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ta á bíi pé ó fọwọ́ kan ata.

*

Àtẹ́lẹwọ́ náà ló gbé e lọ sí Scarborough. Ó wọ subway títí dé òpin rẹ̀, ó tún wọ bọ́ọ̀sì. Oṣù November kì í fún ọ̀sán láyè, nígbà tó fi máa kan ilẹ̀kùn Auntie Sìlífátù, òkùnkùn ti kún gbogbo àdúgbò.

Ìpara irun àti àgbo ni Sìlífátù ń tà nínú yàrá abẹ́ ilé kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹn nìkan ló ń tà. Kò kí i. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tan iná fóònù sí i. Awọ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ń bó, abẹ́ rẹ̀ sì pupa.

"Ohun tí mo fún ẹ lóṣù tó kọjá," ni obìnrin náà wí, "ibo lo fi í sí?"

"Ara igi tó fi ń lu baseball ni, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi, Auntie. Mi ò fi ara kàn án."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an ló lù ú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ."

Sìlífátù jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó pa iná fóònù, inú yàrá náà sì ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ. "Ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀?"

"Ìyá ẹ̀ nìkan ni. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú."

"Iṣẹ́ tó ń ṣe kọ́ ni mo bi ẹ́."

Nǹkan kan ń rìn lókè àjà, ẹsẹ̀ kan nìkan ló sì ń dún, ó ń dún, ó ń dúró. Sìlífátù kò gbójú sókè. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú agolo rọ́ọ̀bù kékeré kan jáde, ó gbé e lé orúnkún ọkùnrin náà.

"Inú bàtà ni ti eléyìí. Ẹsẹ̀ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù ni kí o fi sí, ẹsẹ̀ kan péré. Sọ ohun tí o fẹ́ sí i, kí o fi sílẹ̀ níbẹ̀. Kò mọ orúkọ, kò mọ ọmọ ta ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ló ni ín."

"Kò ní kú?"

"Kò ní kú. Kò kàn ní sáré mọ́ ni."

"Bí mo bá yí ọkàn padà ńkọ́? Bí mo bá fẹ́ nù ún kúrò?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Rìndé, o ti rí ọfà tó padà sórí ọrun rí?"

Nínú subway tó ń padà bọ̀, agolo náà gbóná nínú àpò kóòtù rẹ̀ bíi pé iná ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ jòjòló kan tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ níwájú rẹ̀ tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀, ó bú sẹ́kún, kò sì dákẹ́ títí Ọlárìndé fi bọ́ sílẹ̀ kí ó tó dé ibi tó ń lọ.

*

Ilé Kàfáyàtù ló kọ́kọ́ rò láti ti ṣe é. Ta ni yóò fura sí i níbẹ̀? Òun ló ń gbé ọmọ náà lọ, gbé e bọ̀, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di igi mú. Kàfáyàtù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé nígbà tó wọlé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ni bàtà Abdulhameed wà, bàtà funfun ńlá kan tí okùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ọlárìndé fojú wò ó.

"Uncle, ẹ ṣeun tí ẹ yà," ni Kàfáyàtù wí. "Ara mi ò lélẹ̀. Mo lálàá pé Hameed dúró sáàárín pápá, koríko wá ń hù bo ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo ń fà á, kò wá. Ó ń bojú wo ẹnìkan lẹ́yìn mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí onítọ̀hún."

"Ta ni onítọ̀hún?" ni Ọlárìndé bi í.

"N ò lè yíjú. Ẹ mọ bí àlá ṣe máa ń rí. Mo pe Alfa n'Ìbàdàn, wọ́n wò ó fún mi. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣe é mọ ọ̀nà ilé wa. Mo ní kí wọ́n bá mi dá a padà sí i lára, wọ́n ní àwọn ò ní í jagun. Wọ́n ní oore la fi máa bò ó lójú." Ó nu ojú. "Wọ́n ti sọ ohun tí ọmọ náà máa ṣe. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ì bá jẹ́ pé mo lè sọ, ẹ̀yin ni ǹ bá sọ fún. Ẹ̀yin lẹ ń ṣe bàbá fún un."

Ọ̀fun Ọlárìndé gbẹ. Ojú tì í. Bí ará ilé, ó ṣí fíríìjì fúnra rẹ̀, ó gbé jọ́ọ̀gì kan, ó da omi inú rẹ̀ sí kọ́ọ̀bù, ó gbé e mì gbúgbú. Ó ti mu ún tán kí ó tó mọ̀ pé ó dúdú díẹ̀, ó sì ń rùn bí èédú.

"Háà, Uncle. Hàǹtú Hameed nìyẹn. Alfa ló ní kí wọ́n ṣe é fún un, mẹ́ńbà mọ́ṣáláṣí wa kan ló bá mi kọ ọ́ sí wàláà, tó fọ̀ ọ́." Kàfáyàtù wò ó, ó wá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Kò séwu, àdúrà ni. Ohun tó bá bá a, á bá ẹ̀yin náà."

Ó ní àmín. Ó gba ẹ̀gbẹ́ bàtà funfun náà kọjá láìwò ó, ó sáré wọ ẹ̀rọ agbéniròkè. Níbẹ̀, ní àdáwà, ó sunkún. Ì bá dáa ká ní ẹkún náà yí i lọ́kàn padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó sínú ọkọ̀, ìṣó yẹn ló tún rí, òfìfo, tó ń dúró de ohun tí wọ́n máa fi kọ́ ọ.

*

Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú àṣekágbá náà. Mọ́ṣáláṣí wọn wà láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kéré. Ọlárìndé mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé. Nígbà tó wọlé, lèmọ́ọ̀mù ti ń ṣe wáàsí, gbogbo ènìyàn ti jókòó, kò sí ẹ̀dá kankan níbi tí wọ́n ń to bàtà sí. Bàtà funfun olókùn ewé wà ní àgbékà òkè.

Ó wọ ìbọ̀wọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣí agolo, kò rí ìpara dúdú tó rò pé òun máa rí. Ohun tó wà níbẹ̀ ń yí padà bí òróró lórí omi. Ó fi ìka kan mú un, ó tì í wọnú bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi pa ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ láti ìka dé gìgísẹ̀. Kíá ló wọlé sínú bàtà náà, kò fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ó sọ ohun tó fẹ́, ní ohùn tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa. Ìgbà tó sọ ọ́ tán, afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà dúró jẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà dúdú tirẹ̀, ó fi sí àgbékà ìsàlẹ̀, ó wọlé lọ kírun. Nígbà tó forí kanlẹ̀, ó gbìyànjú láti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tí ì bá tọrọ kò wá sí i lẹ́nu.

Wọ́n sálámà. Ó sáré jáde kí òun má bàa wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ náà bá wọ bàtà. Ó wo àgbékà ìsàlẹ̀, kò rí bàtà rẹ̀. Ó tún un wò. Ẹnìkan tó ṣáájú rẹ̀ jáde ti ṣèèṣì wọ̀ ọ́ lọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà òtútù tí gbogbo bàtà bá dúdú. Àwọn èrò ti ń rọ́ jáde, wọ́n ń wá bàtà, wọ́n ń kí ara wọn, Ọlárìndé sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan, ìbọ̀sẹ̀ náà ń fa omi yìnyín.

Abdulhameed jáde, Alameen wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó gbé bàtà funfun náà. Kò wọ̀ ọ́. Ó gbé e lọ́wọ́, ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ojú rẹ̀ wá balẹ̀ sórí ìbọ̀sẹ̀ Ọlárìndé, inú rẹ̀ sì dùn.

Ó wá, ó kúnlẹ̀, ó to bàtà méjèèjì síwájú àgbàlagbà náà, ẹnu wọn kọjú sí i.

"Uncle, sàárà mi ni, sà. Alfa màámi ní bàtà tí mo bá wọ̀ wá sí Jímọ̀ òní, mi ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kàn án mọ́ tí mo bá ti kírun tán. Wọ́n ní kí n fún àgbà tí kò bá ní bàtà lẹ́sẹ̀. Mo ti ń rò ó pé ta ló máa wá sí Jímọ̀ láìwọ bàtà nínú snow yìí. Àṣé ẹ̀yin ni."

Ọlárìndé fà sẹ́yìn. "Ọlọ́run á gbà á," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Èmi ò nílò ẹ̀."

Alhaji Àlàmú, tó dàgbà jù lọ láàárín wọn, dúró. "Rìndé, ta ní í kọ sàárà? Ọmọ kúnlẹ̀ fún ẹ, ìwọ náà dúró sínú omi. Wọ̀ ọ́, kí o ṣàdúrà fún un, ká ṣe àmín, ká máa lọ. Òtútù ń mú wa."

Àwọn yòókù dúró pẹ̀lú. Wọ́n ti gbé ọwọ́ sókè fún àmín. Ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ní ìkà nínú.

"Mo máa gbé e lọ́wọ́," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ mi tutù, á ba bàtà jẹ́."

"Dad, you're being weird," ni Alameen wí. "I'll just run to the car and grab your work boots. Can't find mine in this crowd. Hameed, I'm borrowing these real quick."

Ó ti gbé ẹsẹ̀ sókè. Ọ̀tún ni, nítorí ọ̀tún ni wọ́n kọ́ wọn láti kékeré pé kí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ń wọ bàtà. Ọlárìndé rí ìka ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó dé ẹnu bàtà náà. Ẹsẹ̀ yẹn ló dì mú lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, nígbà tí kò gùn ju ìka rẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tó wà lára ògiri kúrò lọ́kàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣó, àwòrán, òun nìkan.

Ó gbá ọmọ náà láyà mú, ó tì í dànù. Alameen fẹ̀yìn lu àgbékà, bàtà tú ká. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Ọlárìndé ti ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà funfun náà.

Kò gbóná, kò tutù. Ó bá a mu bíi pé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rán an.

"Dad, what the hell?"

"Ẹ ṣàdúrà, sà," ni Abdulhameed wí jẹ́jẹ́. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ọlárìndé gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà. "Kí ẹsẹ̀ rẹ má yẹ̀," ni ó wí. "Kí o dé ibi tí mo dé. Kí o kọjá ibẹ̀." Gbogbo èrò ṣe àmín. Ó jẹ́ àdúrà tó ti ọkàn rẹ̀ wá, òun náà sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù.

Ó rìn jáde lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó dé etí títì kí nǹkan kan tó gòkè láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí omi tó ń gun òwú àtùpà.

*

Àwọn dókítà ya àwòrán ẹsẹ̀ náà, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní àwọn kò rí ohun tó ṣe é. Láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, ó tutù bí ẹran inú fíríísà, kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Nígbà tí wọ́n dá a padà sílé, ó pe Scarborough.

"Ta ló wọ̀ ọ́?" ni Sìlífátù bi í.

"Èmi ni."

"Mo ti sọ fún ẹ," ni obìnrin náà wí, ó sì pa fóònù. Láti ìgbà náà, bó bá tún pè é, kì í gbé e.

Lẹ́yìn àṣekágbá, Abdulhameed wá kí i, òun àti Alameen. Wọ́n ti borí. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ ayò tó jẹ. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gbé ẹsẹ̀ tútù náà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdín wọ́ ọ.

"Màámi kí yín, sà. Wọ́n ní kí ẹ má bínú pé àwọn ò wá." Ó tún bu àdín sọ́wọ́. "Alfa bi wọ́n pé ta ló gba sàárà yẹn. Nígbà tí wọ́n dárúkọ yín, Alfa ní kí wọ́n má pe òun mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, pé ó ti parí. Mi ò mọ ohun tó fà á. Màámi ò sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn."

Ọlárìndé yíjú sí ògiri. Alameen ló wá gbé fóònù sí i níwájú. "Dad, look. They put it up today."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Àwòrán méjì wà lára ògiri, wọ́n dọ́gba, fírémù wọn jọra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí bàbá àti ọmọ. Ti Ọlárìndé wà níbi tó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

"Surprise yẹn nìyẹn, sà," ni Abdulhameed wí. "Mo sọ fún Coach pé tí kì í bá ṣe ẹ̀gbẹ́ Uncle, kí wọ́n má gbé tèmi kọ́ rárá. Àwọn ló wọn ògiri, tí wọ́n kan ìṣó ẹ̀ sílẹ̀."

Ọlárìndé wò ó títí iná fóònù fi kú. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà ń lọ, ó ń bọ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì gbọ́ ọ lára rárá. Bàtà funfun náà wà lábẹ́ fèrèsé, okùn aláwọ̀ ewé rẹ̀ ṣì so bí ọmọ náà ṣe so ó.

"Uncle," ni Abdulhameed bi í, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí òun lè sọ, "bàtà yẹn, ṣé ó bá yín mu?"

"Ó bá mi mu," ni Ọlárìndé dáhùn. "Ìwọn mi gan-an ni."